Jíìnì wọ inú ata, ata kọ̀ kò hù: ìdáhùn fún àgbẹ̀ aláta kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìsẹ́yìn ni mo ti ń gbin rodo. Lọ́dún tó kọjá, ewé ata mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, ó ń ní àbàwọ́n ìyeyè lójú iṣan, igi náà kò dàgbà mọ́, ìwọ̀nba èso tó so kò ṣeé gbé lọ sọ́jà. Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé kò sì sí oògùn rẹ̀. Ohun tó ń ká mi lára ni pé wọ́n ti ṣe ẹ̀wà tí kòkòrò kì í jẹ, wọ́n ti ṣe àgbàdo. Kí ló dé tí ẹ kò ṣe rodo? Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbin atalẹ̀ ní Kachia tún sọ pé inú ìgò ni wọ́n ti ń tọ́ irú atalẹ̀ báyìí. Ṣé n kò lè gbé rodo tèmi náà wá kí wọ́n fi sínú ìgò, kí wọ́n fi jíìnì sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmúmọ́ra. Ata tó bàjẹ́ lẹ́yìn tí èèyàn ti náwó sí nọ́sìrì, tó ti sanwó fún àwọn tó ro oko, ohun tó ń dunni wọra ni.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ohun tí ẹ ń béèrè, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò kì í sì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni kí a fi jíìnì, ìyẹn àṣẹ àbùdá tó ń sọ bí igi ṣe máa rí, sínú sẹ́ẹ̀lì ata kan, ìyẹn ẹyọ wínníwínní tí ara igi fi kọ́. Ìkejì ni kí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo yẹn hù, kó yọ ewé, kó ta gbòǹgbò, kó di igi ata tó ń so. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí èkíní kò ti le mọ́. Ìkejì ni ata fi ń dá wa lágara. Àwọn àgbà ní a kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápẹpẹ. Gbogbo ariwo tí ẹ ń gbọ́ nípa jíìnì, alápẹpẹ ni. Híhù ni oníjà.

Ẹ jẹ́ ká ti ọwọ́ èyí tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. Bakitéríà kan wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Agrobacterium. Igi tó bá bá jà máa ń yọ kókó gbọ̀ngbọ̀n nídìí, bí ẹni tí gẹ̀gẹ̀ mú. Ọdún 1907 ni Smith àti Townsend ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bakitéríà ló ń fa kókó náà, ó sì di 1977 kí ẹgbẹ́ Mary-Dell Chilton tó fi bó ṣe ń ṣe é hàn: ṣe ló ń ti díẹ̀ lára DNA tirẹ̀, ìyẹn okùn tí jíìnì wà lára rẹ̀, wọ inú sẹ́ẹ̀lì igi, tí DNA àlejò náà á lọ jókòó sáàárín ti onílé, tí á wá máa pàṣẹ fún igi pé kó máa se oúnjẹ fún bakitéríà. Igi tó bá fara gbọgbẹ́ ló ń rí wọ̀, torí omi tó ń sun lójú ọgbẹ́ ló ń pè é wá. Àwọn onímọ̀ yọ àwọn jíìnì tó ń fa kókó kúrò, wọ́n fi èyí tí àwọn fẹ́ rọ́pò wọn, wọ́n sì sọ bakitéríà di ìránṣẹ́. Ní 1983 ni àwọn ewéko àkọ́kọ́ tó gba jíìnì lọ́nà yìí jáde. Tábà wà lára wọn.

Ọ̀nà kejì ni ìbọn. Ìbọn ni lóòótọ́: ní 1987, John Sanford àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell fi DNA kun èérún irin tungsten, wọ́n yìn ín lu sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà ọbẹ̀ yìí náà ni. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ilé ìdáná ni ìmọ̀ yìí ti kọ́kọ́ ya.

Ata kò bá ọ̀kankan nínú ọ̀nà méjèèjì jà. Ẹ gé ewé méjì àkọ́kọ́ tí ọmọ ata tó pé ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá yọ, ẹ rì í sínú omi bakitéríà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ gbé e sínú òkùnkùn fún ọjọ́ méjì: jíìnì ti wọlé nìyẹn. A máa ń so jíìnì kan mọ́ èyí tí a ń rán, tó jẹ́ pé bí a bá da oògùn kan sí ewé náà, sẹ́ẹ̀lì tó gbà á á di aláwọ̀ aró. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí aró yẹn lójú ọgbẹ́ ewé rodo, tó tò wìnnìwìnnì bí àmì ara awó, mo pe ìyàwó mi lórí fóònù pé iṣẹ́ ti parí. Iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ewé tí mo tọ́ lọ́dún yẹn, kò sí sẹ́ẹ̀lì kan tó gba jíìnì tó sì di igi.

Ẹ ó ní, ṣebí igi ẹ̀gẹ́ tí a gé sọlẹ̀ máa ń hù? Ó ní ojú lára ni. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ata ju ìyẹn lọ: a fẹ́ kí ègé ewé tí kò lójú, tí kò tó èékánná ọmọ ìka, yọ ojú tuntun, kó sì ti ibẹ̀ di odidi igi. Ní 1902 ni Gottlieb Haberlandt, ará Austria, ti sọ pé ó yẹ kó ṣeé ṣe, torí pé gbogbo ohun tí igi fi ń di igi ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ kò rí i ṣe. Skoog àti Miller ló rí ọgbọ́n rẹ̀ lára tábà ní 1957. Họ́mọ̀nù méjì ni, auxin àti cytokinin, òṣùwọ̀n wọn ló sì ń pàṣẹ. Bí auxin bá pọ̀ ju èkejì lọ, gbòǹgbò ló ń yọ. Bí cytokinin bá pọ̀ jù, ọ̀mùnú ló ń yọ. Bí wọ́n bá ń bára wọn dọ́gba, ìṣùpọ̀ funfun kan ló ń wú, kò ní orí, kò ní ìdí. Oúnjẹ tí a ń gbé e lé kò yí padà púpọ̀ láti ìgbà tí Murashige àti Skoog ti kọ ètò rẹ̀ ní 1962: iyọ̀ oríṣiríṣi, fítámì díẹ̀, ṣúgà ọgbọ̀n gíráàmù nínú lítà omi kan, àti agar tó ń mú kó dì bí ẹ̀kọ. A ó wá fi ooru alágbára sè é ní ìwọ̀n 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius, torí ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó ń bu oúnjẹ ló fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí iná lọ ní yàrá wa fún ọjọ́ mẹ́ta, tí kò sí dísù nínú jẹnẹrétọ̀, gbogbo ìgò ló bu. N kò fẹ́ rántí.

Tábà, tòmátì, ìkàn, ata: ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Tábà tẹ̀lé òfin họ́mọ̀nù yìí bí ẹni ń ṣeré. Tòmátì gbà. Ìkàn gbà. Ata ni olóríkunkun ilé. Ẹ gbé ègé ewé rẹ̀ sórí oúnjẹ, ẹ fi cytokinin tó tó nǹkan bíi mílígíráàmù márùn-ún sí lítà kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹ ó rí ohun tútù tó yọ lójú ọgbẹ́, inú yín á dùn. Ẹ wá fi awò wò ó dáadáa: ewé lásán ló ṣù jọ, kò sí ọ̀mùnú kankan láàárín wọn. Ewé tí kò lórí ni. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láìga. A ń fi họ́mọ̀nù tó ń mú igi ga, ìyẹn gibberellin, lọ̀ ọ́. A ń fi èròjà fàdákà sínú oúnjẹ rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú àpò pọ́n ni ewé tí a gé náà ń tú sínú ìgò tí a dé, ó sì ń fi í ṣe ara rẹ̀ níbi. Nígbà mìíràn ó ń gbà. Nígbà mìíràn, rárá.

Èyí tó tún le níbẹ̀ ni pé ata kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó fẹ́. Ètò tó mú tàtàṣé kan hù lè má mú tàtàṣé ẹgbẹ́ rẹ̀ hù, ká má tíì sọ ṣọ̀ǹbọ̀ tàbí rodo. Rodo yín, Capsicum chinense ni, òun àti habanero tí wọ́n ń jẹ ní Yucatán ní Mẹ́síkò, irú kan náà ni. Ní 2006, àwọn olùwádìí ní ilé ìwádìí CICY ní ìlú Mérida kọ̀wé pé àwọn rí habanero mú gba ọ̀nà mìíràn: dípò kó yọ ọ̀mùnú, wọ́n mú kó yọ ọlẹ̀ wẹ́wẹ́ tààrà, bí èyí tó wà nínú irúgbìn, tí ọlẹ̀ náà á wá di igi. Mo gbà pé ọ̀nà tó dára jù fún rodo wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a bá ṣe lára habanero Yucatán, a gbọ́dọ̀ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ lára rodo Ìsẹ́yìn kí a tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ wá so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ o. Lójú ọgbẹ́ ewé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba jíìnì wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó lè hù náà sì wà. Lára ata, wọn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. A ń fi oògùn kan, kanamycin, sínú oúnjẹ, kó pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí kò gba jíìnì, torí pé a ti so jíìnì tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ oògùn náà mọ́ èyí tí a rán. Bí oògùn bá pọ̀ jù, kò sóhun tó máa hù. Bó bá kéré jù, àwọn tí kò gba nǹkan kan á fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn tó gbà á, wọ́n á hù, wọ́n á tutù minijọ. Ẹ ó tọ́ wọn fún oṣù mẹ́fà kí ẹ tó yẹ DNA wọn wò pé ata lásán ni. Òmíràn á jẹ́ ayédèrú lọ́nà tó tún burú ju ìyẹn lọ: ẹ̀ka kan lára igi gba jíìnì, ẹ̀ka kejì kò gbà. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi gba ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ó ti ṣe ata àyípadà jíìnì àfi tó bá fi ọmọ irúgbìn rẹ̀ hàn mí.

Ó kúkú ti ṣeé ṣe rí. Ní Ṣáínà, Yunifásítì Peking ṣe tàtàṣé tó lè kojú fáírọ́ọ̀sì kùkùḿbà, ìjọba ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní 1998. Èyí tó wú mi lórí jù ni iṣẹ́ àwọn olùwádìí ní Wageningen ní Nẹ́dálándì ní 2011. Wọn kò wá bakitéríà tó lágbára sí i. Jíìnì kan láti ara irú ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀ ni wọ́n rán sínú tàtàṣé. BABY BOOM ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti jí ọlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ti sùn. Wọ́n ń tan jíìnì náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á tún pa á kí igi lè dàgbà bó ṣe yẹ. Àwọn náà mọ̀ pé fífi jíìnì wọlé kọ́ ni oníjà, híhù ni.

Ní ti ẹ̀wà, ẹ má rò pé ó rọrùn ju ata lọ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà. Ilé ìwádìí CSIRO ní Ọsirélíà, níbi tí T. J. Higgins wà, ni wọ́n ti rí ẹ̀wà tó gba jíìnì tó sì hù. Irú ẹ̀wà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é sí. Ìyókù, ọ̀nà tí àwọn baba wa fi ń da irúgbìn pọ̀ ni wọ́n gbà: àwọn onímọ̀ ní Zaria mú ẹ̀wà tó gba jíìnì náà, wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́ irú tí àgbẹ̀ fẹ́ràn títí tí SAMPEA 20-T, irú ẹ̀wà tí ẹ ń sọ yẹn, fi jáde ní 2019. Nítorí náà, kódà bí a bá fẹ́ ṣe rodo, kò ní jẹ́ rodo tiyín la máa gbé sínú ìgò. Èyí tó bá gbà láti hù la máa ṣe é sí, a ó wá dà á pọ̀ mọ́ tiyín láti ìran dé ìran. Láti 2015 sì ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbìn ín sóko láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó ààbò irúgbìn bẹ́ẹ̀, NBMA.

Èmi tí mo ń fi èyí jẹun, mo wá fẹ́ sọ ohun tí ẹ lè má retí: àìsàn tí ẹ ṣàpèjúwe yìí, ata kò nílò jíìnì àlejò láti kojú rẹ̀. Àbàwọ́n tó ń tẹ̀lé iṣan ewé jọ ti fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní PVMV. Gánà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1971, ó sì wọ́pọ̀ lóko ata wa. Mo ní ó jọ ọ́ o, torí fáírọ́ọ̀sì ata pọ̀, ojú lásán kò tó láti fi dá wọn mọ̀.

Bí fáírọ́ọ̀sì yìí ṣe ń ṣe é nìyí. Bó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, lẹ́tà lásán ni. Kò ní ẹni tó máa kà á. Akọ̀wé ata ló ń yá lò. Akọ̀wé méjì tó jọra, ìyẹn èròjà pùrótéènì inú sẹ́ẹ̀lì, ni ata ní fún irú iṣẹ́ yẹn, àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní eIF4E àti eIF(iso)4E. Ata kan wà tí akọ̀wé àkọ́kọ́ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, tí fáírọ́ọ̀sì kò lè bá a ṣiṣẹ́, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì á yí sọ́dọ̀ èkejì. Ata mìíràn wà tí èkejì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, fáírọ́ọ̀sì á yí sọ́dọ̀ àkọ́kọ́. Ata méjèèjì ló ń ṣàìsàn. Ní 1996, Carole Caranta àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé da aláìsàn méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n sì rí àwọn kan nínú àtọmọdọ́mọ wọn tí PVMV kò lè ràn rárá. Ní 2006 ni àlàyé akọ̀wé méjèèjì yìí wá jáde kedere. Ọmọ àkọ́kọ́ á ṣì ṣàìsàn. Lára ọmọ-ọmọ, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́rìndínlógún ló máa bọ́. Ìyá, bàbá, sùúrù, kò sí ìgò níbẹ̀. Láti ara irú tàtàṣé àti ṣọ̀ǹbọ̀ ni àbùdá yìí ti wá, nítorí náà mímú un dé inú rodo gba ọgbọ́n, torí àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí fún rodo kì í le dáadáa nígbà mìíràn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fún mi lówó lónìí láti wo ata Ìsẹ́yìn sàn, ibẹ̀ ni mo máa ná an sí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Kachia: òótọ́ ló sọ, àmọ́ wọn kò fi jíìnì kankan sí atalẹ̀ yẹn. Atalẹ̀ ni òdìkejì ata. Ó lójú lára bí iṣu, ojú yẹn sì ń hù nínú ìgò láìjanpata, ọ̀kan á di mẹ́ta, mẹ́ta á di mẹ́wàá. Ohun tí kò ní ni irúgbìn. Ó ń yọ òdòdó, kì í so. Nítorí náà kò ṣeé dà pọ̀ bí ata, àtọdúnmọ́dún, ara kan náà la ń gé gbìn, àìsàn ilẹ̀ sì ń bá a rìn láti ebè dé ebè. Ohun tó mú kí àrùn 2023 ní gúúsù Kàdúná ba oko jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn, Tafin Giwa àti Yatsun Biri ló kún gbogbo oko, kò sí irú kẹta tó lágbára tí a lè yíjú sí. Ìgò ń fún wọn ní irú tó mọ́. Kó mọ́ yàtọ̀ sí kó lágbára o. Bí wọ́n bá gbìn ín padà sínú ilẹ̀ tó lárùn, á tún mú un. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pẹ̀lú pé atalẹ̀ tó tinú ìgò jáde máa ń ta kékeré ní ọdún àkọ́kọ́, kó má bínú jù ú nù. Ti ọdún kejì ló máa tóbi. Atalẹ̀ gan-an ló yẹ ká máa fi jíìnì sí, torí kò ṣeé dà pọ̀ bí ata. Àwọn ará Vellanikkara ní Kerala, ní ilẹ̀ Íńdíà, ti fi Agrobacterium ṣe é dé ibi tó fi hù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008.

Rodo yín ní irúgbìn, igi kan á fún yín ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Kò sídìí tí ẹ fi máa sanwó ìgò.

Fún ọdún yìí, ẹ má ná owó oògùn kòkòrò lórí PVMV. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa oje lábẹ́ ewé ló ń gbé e kiri, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló sì ń gbà á láti fi ẹnu gún ewé kó sì ti kó o ràn án. Oògùn á pa á, àmọ́ ó ti jíṣẹ́ tán. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo nọ́sìrì. Ẹ fa ata àtijọ́ àti ìkàn tó wà nítòsí tu kí ẹ tó lọ ọmọ ata, ẹ sì fa igi tó bá kọ́kọ́ ṣàìsàn, ẹ má ṣàánú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbin àgbàdo ìlà méjì tàbí mẹ́ta yí oko ká. Ẹnu kòkòrò náà ni fáírọ́ọ̀sì ń lẹ̀ mọ́, kì í pẹ́ níbẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ balẹ̀ sórí àgbàdo tó gún un lẹ́ẹ̀mejì, ó ti nu ẹnu rẹ̀ mọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ata, àgbàdo kò sì ní ṣàìsàn rẹ̀. Ẹ gbin àgbàdo náà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kó lè ti ga ju ata lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ ọ́.